₦20,000 láti kó ètò dìkóódà àtijọ́ sínú tuntun: ṣé owó iṣẹ́ ni, àbí owó ohun tí mo ti rà tẹ́lẹ̀?

Ọmọ Aláṣọ Òfì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ owó ló gbé mi wá síbí lónìí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò láìṣègbè, nítorí pé èmi àti ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ díìṣì kò tíì bá ara wa jà, n kò sì fẹ́ kó di ìjà.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí mo ti ń lo dìkóódà kan tó ń fi sọ́fúwíà tí wọ́n ń pè ní Enigma2 ṣiṣẹ́ ní ilé tí mò ń gbé tẹ́lẹ̀ n'Íbàdàn. Díìṣì méjì ló so mọ́ ọn. Ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90, ó kọjú sí sátẹ́láìtì Astra ní dígírì 28.2 ìlà-oòrùn. Èkejì ni díìṣì ńlá onínẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ tó mítà 1.8, òun ló kọjú sí Intelsat 20 ní dígírì 68.5 ìlà-oòrùn. Ìkànnì ọ̀fẹ́ nìkan la ń wò nílé wa. Nígbà tí mo ra dìkóódà náà, oníṣẹ́ yìí kan náà ló bá mi tún un ṣe kọjá bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá: ó gbé hard disk sínú rẹ̀ kí n lè máa gba ètò sílẹ̀, ó yí ọ̀nà iná rẹ̀ padà kí ó lè máa jẹ iná 12V láti ara bátìrì sólà, ó sì to àwọn ìkànnì náà ní ìpín ìpín, ti ìròyìn lọ́tọ̀, ti ẹ̀sìn lọ́tọ̀, ti àwọn ọmọdé lọ́tọ̀. Gbogbo owó rẹ̀ ni mo san nígbà náà, n kò jẹ kọ́bọ̀.

Ní báyìí mo ti kó wá sí Abẹ́òkúta. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí a kó ni àrá kan sán lóru, láti ọjọ́ náà dìkóódà yẹn kò rí ìkànnì kankan mọ́. Mo ra tuntun. Enigma2 ni òun náà, àmọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Mo pe oníṣẹ́ mi, ó sì kọ owó rẹ̀ báyìí: títú díìṣì méjèèjì n'Íbàdàn àti gbígbé wọn dúró ní Abẹ́òkúta, ₦20,000, wáyà tuntun àti àwọn ẹnu rẹ̀, ₦12,000, gbígbé iná 12V láti ara ti àtijọ́ sára tuntun, ₦15,000, gbígbé hard disk, ₦7,000, kíkó ètò àti ìkànnì wọlé, ₦20,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦74,000. Mo ti san ₦30,000 sílẹ̀.

Owó díìṣì àti ti wáyà kò dùn mí. Èyí tó ń dùn mí gan-an ni ₦20,000 ti ìkànnì, nítorí pé ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ fún mi pé ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà òun láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ ṣe é. Mo ní, ṣebí owó rẹ̀ ni mo san nígbà yẹn? Ó ní iṣẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ mìíràn nìyí. Ẹ bá mi dá a.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

Bàbá, ẹ kú àfẹ́kù, ẹ sì kú ilé tuntun. Lójú tèmi, ọmọ yẹn fẹ́ gba owó kan lẹ́ẹ̀mejì ni. Telọ tó ń ránṣọ fún mi ní ìwé kan tó kọ ìwọ̀n gbogbo wa sí, láti orí bàbá ìbejì dé orí àwọn ọmọ. Bí mo bá gbé aṣọ tuntun lọ, owó ìránṣọ ló máa gbà. Kò sọ fún mi rí pé kí n san owó ìwé tí òun ṣí.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹni tó gbé díìṣì dúró fún mi fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ti ojú ibi ètò (settings) pa, kò sì sọ fún mi. Nígbàkígbà tí ìkànnì kan bá sọ nù, tí mo sì fẹ́ wá a, dìkóódà á béèrè nọ́ńbà mẹ́rin tí n kò mọ̀, mo ní láti pè é, ó sì ń gba ₦3,000 kí ó tó wá tẹ̀ ẹ́ lójú mi pẹ̀lú ọwọ́ tó fi bo rìmóòtù. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan àbọ̀ kí ọmọ ìyá ọkọ mi tó wá bá mi dá a padà sí bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ jáde. Ẹ má gbà fún un o.

Oníṣẹ́ Díìṣì Ọ̀tà

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá, àti ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí sọ tẹnu mi, kì í ṣe pé mo fẹ́ gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ₦20,000 tó gbà lórí díìṣì méjèèjì kò wọ́n rárá. Sátẹ́láìtì tí a ń wò wọ̀nyí wà ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 lókè wa. Lóòótọ́, láti Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta, ibi tó yẹ kí díìṣì kọjú sí kò yí padà tó dígírì kan. Ṣùgbọ́n bí òpó tí a rì mọ́lẹ̀ kò bá dúró ṣánṣán, dígírì kan yẹn náà ti tó láti pàdánù sígínà. Àti pé díìṣì méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Èyí tó ń wo 28.2 gbójú sókè tó bíi dígírì 60, kò sí ilé tí yóò dí i lójú bí kò bá sún mọ́ ọn jù. Èyí tó ń wo 68.5 kò gbójú ju bíi dígírì 17 lọ. Bó ṣe rẹlẹ̀ tó nìyẹn, tí igi máńgòrò kan ṣoṣo tàbí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò ní apá ìlà-oòrùn fi lè dí i pátápátá. Abẹ́òkúta tí ẹ kó lọ, ìlú àpáta àti òkè ni. Ó ṣeé ṣe kí oníṣẹ́ yín lo wákàtí méjì kó tó rí ojú ibi tí yóò gbé e sí.

Nísinsìnyí, ti ìkànnì. Nǹkan méjì ni ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀dà tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló fẹ́ dà sínú dìkóódà tuntun, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, n kò lè gba ₦20,000 lórí rẹ̀ kí ojú má tì mí. Àmọ́ ètò ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ti di àlòkù. Àwọn ìkànnì a máa ṣí kúrò lórí ìgbì tí wọ́n wà, òmíràn a ti pa, òmíràn a sì ti dé tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá jókòó wá gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó yọ àwọn tó ti kú kúrò, tó tún to àwọn tuntun sí ìpín tó yẹ wọ́n, iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ló ṣe. Bàbá, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, èwo nínú méjèèjì ló fẹ́ ṣe?

Nípa pé kó fún yín ní ẹ̀dà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ọkàn mi: èmi náà kì í fún oníbàárà. Ìdí ni pé nígbà tí mo fún ẹnì kan rí, kò pé oṣù kan tí mo fi bá ètò mi nínú dìkóódà ilé mẹ́fà ní àdúgbò kan náà, ẹlòmíràn sì ti fi gbowó.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

Oníṣẹ́ Ọ̀tà, mo gbọ́ tiyín, ó sì yé mi pé ó dùn yín. Ṣùgbọ́n bí telọ mi bá ran bùbá fún mi, tí aládùúgbò mi sì gbé e lọ fún telọ tirẹ̀ pé irú rẹ̀ ni òun ń fẹ́, ṣé telọ mi yóò wá sọ pé kí n dá bùbá náà padà? Ohun tí mo san owó rẹ̀, tèmi ni. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó jáde, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó sanwó, kí n mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni mo máa gbé iṣẹ́ fún.

Ọmọ Wáyà

Ẹ jọ̀wọ́, kí a má tíì gba ti ìkànnì kọjá ti iná, nítorí pé ₦15,000 ti 12V yìí ló ń kọ mí lóminú jù, ibẹ̀ ni dìkóódà tuntun ti lè jóná.

Ọ̀pọ̀ dìkóódà tó ń jáde báyìí ni ihò iná 12V ti wà lẹ́yìn wọn láti ilé-iṣẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn tiyín. Bí ẹ bá rí ihò róbótó kékeré tí wọ́n kọ 12V sí, a jẹ́ pé kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa ṣí inú rẹ̀ rárá, ìyípadà tí ẹ sanwó rẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn kò wúlò fún tuntun. Bó bá jẹ́ pé wáyà àti ẹnu rẹ̀ nìkan ni yóò fi so bátìrì mọ́ ihò náà, ₦15,000 ti pọ̀ jù.

Àmọ́ bátìrì tí a ń pè ní 12V kì í dúró sórí 12V. Ní ọ̀sán, tí oòrùn ń mú, tí sólà sì ń ti iná sínú rẹ̀, ó lè gòkè dé 14.4V. Ní ìdájí, lẹ́yìn tí a ti lò ó mọ́jú, ó lè wálẹ̀ sí nǹkan bíi 11.5V. Ohun èlò tí a ṣe fún 12V lè fara da díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní fẹ́ dán an wò lójoojúmọ́. Àwọn kan máa ń fi ẹ̀yà iná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní 7812 sí àárín láti dá iná náà dúró. Kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé 7812 ń fẹ́ kí iná tó ń wọlé fi bíi 2V ju èyí tó ń jáde lọ. Bí bátìrì bá ti wà ní 12.5V, ohun tó ń jáde kò ní pé 12V mọ́, ara rẹ̀ yóò sì gbóná bíi ààrò. Ẹ óò mọ̀ ọ́n lára ìkànnì yín: dìkóódà ló ń rán 13V tàbí 18V lọ sórí LNB, ìyẹn ojú tó ń gba ìgbì níwájú díìṣì, láti fi sọ fún un pé kó gba ìgbì tó dúró tàbí ìgbì tó dùbúlẹ̀, bí iná bá ti ń rẹ̀, àwọn ìkànnì tó nílò 18V ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ nù, àwọn yòókù á ṣì máa ṣiṣẹ́, ẹ ó sì rò pé díìṣì ló yẹ̀.

Ohun tó yẹ kó wà láàárín ni ẹ̀rọ kékeré tó lè gbé iná sókè tó sì lè fà á wálẹ̀, kí 12V máa jáde bó ti wù kí bátìrì rí, pẹ̀lú fíúùsì lẹ́bàá bátìrì. Bí ìyẹn bá wà nínú ₦15,000 rẹ̀, kò rẹ́ yín jẹ. Ẹ ní kó fi hàn yín kó tó so ó.

Ìbéèrè kan: dìkóódà àtijọ́ tí àrá mú yẹn, ṣé iná iwájú rẹ̀ ṣì ń tàn?

Ọmọ Aláṣọ Òfì

Ọlọ́run á san án fún yín. Iná iwájú rẹ̀ ṣì ń tàn, ó tilẹ̀ ń kọ aago. Bí a bá so ó mọ́ tẹlifíṣàn, ojú ewé rẹ̀ ń hàn, ṣùgbọ́n ìkànnì yòówù tí mo bá tẹ̀, ó ní kò sí sígínà. Mo ti wo ẹ̀yìn tuntun, ihò 12V wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ọ̀kan tún wà tí n kò tíì sọ, òun gan-an ló jẹ́ kí n máa rọra ṣe. Nínú hard disk yẹn ni ètò kan wà tí mo gbà sílẹ̀ ní ọdún kejì tí mo ra dìkóódà náà. Bàbá mi jókòó síbẹ̀ nílé wa n'Ísẹ́yìn, níwájú òfì, wọ́n ń bi í léèrè bí a ti ń ta òwú àti bí a ti ń mọ ẹ̀tù yàtọ̀ sí sányán, ó sì ń fi ọwọ́ rẹ̀ ju ọ̀kọ̀ láti ọ̀tún sí òsì bó ṣe ń dáhùn, láìwo ọwọ́ náà. Bàbá ti lọ. N kò ní àwòrán mìíràn tí ohùn rẹ̀ ti dún ketekete bẹ́ẹ̀. Bí ₦7,000 bá lè gbé e dé inú tuntun láìsí ewu, n óò san án láìjanpata.

Ọmọ Wáyà

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ fetí sí mi dáadáa lórí èyí, kí ẹ sì sọ ọ́ fún oníṣẹ́ náà kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Bí ẹ bá gbé hard disk láti inú dìkóódà kan sínú òmíràn, ó ṣeé ṣe kí tuntun má dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì béèrè pé ṣé kí òun tún un ṣe fún ìlò. Ẹ kò gbọdọ̀ gbà. Ohun tó ń béèrè ni pé kí òun nù ún mọ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́rẹ́, ètò bàbá ti lọ. Kí ẹ tó gbé e kúrò rárá, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ètò náà sórí kọ̀ǹpútà. Ètò ìkànnì ọ̀fẹ́ tí Enigma2 bá gbà sílẹ̀ jẹ́ fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .ts, fóònù àti kọ̀ǹpútà lè ṣí i. Ẹ fi sí ibi méjì.

Bí ẹ óò ṣe ṣe é rèé, òun náà ni yóò sì yanjú ọ̀rọ̀ ₦20,000. Ohun tí àrá mú nínú dìkóódà yín ni apá tó ń gba sígínà láti ara wáyà díìṣì, tí wọ́n ń pè ní tuner. Ọpọlọ rẹ̀ ṣì wà láàyè, nítorí náà gbogbo ohun tó mọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ so ó mọ́ rọ́tà ilé yín pẹ̀lú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀ lójú ibi ètò, kí ẹ fi FTP (ọ̀nà kíkó fáìlì láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn) wọ inú rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà. Inú fódà tó ń jẹ́ /etc/enigma2 ni ìkànnì yín wà: fáìlì kan wà tó ń jẹ́ lamedb, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú userbouquet ni ìpín ìpín tó tò wọ́n sí, fáìlì bouquets sì wà tó ń pe àwọn ìpín náà lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ kó gbogbo wọn. Odidi ẹ̀dà sọ́fúwíà dìkóódà kan kò ṣeé gbé sórí èyí tí kì í ṣe irú rẹ̀ gan-an, ẹ má sì dán an wò, nítorí ó lè sọ tuntun di òkú igi. Ṣùgbọ́n àwọn fáìlì ìkànnì wọ̀nyí, Enigma2 yòówù ló lè kà wọ́n.

Akéde Ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ṣe tiwa tún fi ohun kan sínú rẹ̀ tó ń ṣí àwọn ìkànnì olówó. Ṣé òun náà á tẹ̀ lé àwọn fáìlì yìí bọ́ sínú tuntun, àbí mo máa tún san owó rẹ̀?

Alábòójútó

A kì í jíròrò ìyẹn níbí, ẹ jọ̀wọ́. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti Nàìjíríà ti ọdún 2022 kò fàyè gba títú títì tí àwọn tó ni iṣẹ́ náà fi sí i. Ìkànnì ọ̀fẹ́ ni ọ̀rọ̀ bàbá dá lé, kí a dúró síbẹ̀.

Amòfin Ìjẹ̀bú

Ẹ kú ìjíròrò. Díẹ̀ ni tèmi. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, fẹ́ kí ẹni tó ń ta ọjà tàbí iṣẹ́ jẹ́ kí oníbàárà mọ iye rẹ̀ ṣáájú, kó sì ṣàlàyé ara rẹ̀ ní èdè tó yéni. Lórí èyí, oníṣẹ́ bàbá kò ṣe ohun tó burú: ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ ọ́ ní ẹyọ ẹyọ. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni yóò dárúkọ ₦74,000 lápapọ̀, tí ẹ kò ní mọ èyí tí ẹ lè bi í nípa rẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé nítorí pé ó kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ la ṣe rí ohun tí a ń jiyàn lé lórí.

Ti ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àdéhùn tí ẹ ṣe lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ni n óò kọ́kọ́ wò. Ṣé ẹ sanwó kó lè to ìkànnì, àbí ẹ sanwó kó lè máa tọ́jú rẹ̀ fún yín? Bó bá jẹ́ títò nìkan, ohun tó tò wà nínú dìkóódà yín, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kó o jáde níbẹ̀. Kò jẹ yín ní gbèsè ẹ̀dà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, ẹ̀yin náà kò sì jẹ ẹ́ ní owó ohun tí ẹ kò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó tí ẹ ti san sílẹ̀ ni kí ẹ gba ìwé lé lórí, kí ẹ kọ ohun tó wà fún sínú rẹ̀.

Ará Peckham

Níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 sọ pé bí ẹni méjì kò bá ti dá iye kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye tó bọ́gbọ́n mu ni oníbàárà yóò san, kò sì gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. 28.2 kan náà tí bàbá ń wò ni àwa náà kọjú díìṣì wa sí níbí láti wo ìkànnì ọ̀fẹ́, àmọ́ ìtànṣán tó ń balẹ̀ sọ́dọ̀ wa yàtọ̀ sí èyí tó ń balẹ̀ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí náà ètò ìkànnì tiwa kò lè wúlò fún yín. Mo sọ èyí nítorí pé mo ti rí àwọn tó ń ra ètò tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù, tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn ará ilé bí ẹni pé ohun kan náà ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi irú rẹ̀ gbowó lọ́wọ́ yín, ẹ má san án.

Ọmọ Aláṣọ Òfì

Mo dé o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé nílé-ẹ̀kọ́ gíga ló bá mi ṣe é lánàá, gẹ́gẹ́ bí Ọmọ Wáyà ti là á sílẹ̀. A wọ inú dìkóódà àtijọ́. Ètò bàbá ni a kọ́kọ́ kó, a fi ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan sórí fúláàṣì, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò mi. A jókòó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni a kó fáìlì ìkànnì, gbogbo wọn pé.

Oníṣẹ́ ti gbé díìṣì méjèèjì dúró láàárọ̀ òní. Bí ará Ọ̀tà ti wí ló rí: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà ní apá ìlà-oòrùn ilé wa, orí òrùlé ló gbé díìṣì ńlá lọ kí ó tó rí 68.5. Ó fi ẹ̀rọ ìwọ̀n rẹ̀ hàn mí, sígínà méjèèjì dára. Ó wá lọ jẹun. A ní kí a má jókòó lásán, a to tuner dìkóódà tuntun bí ti àtijọ́ ti wà n'Íbàdàn, a sì da ìkànnì wa sínú rẹ̀. Orúkọ wọn jáde, ìpín ìpín bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀, inú wa dùn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó ṣí. Láti orí ìkíní dé ìgbẹ̀yìn, kò sí sígínà. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé a ti ba nǹkan jẹ́, n kò sì tíì lè sọ fún un pé a ti fọwọ́ kàn án.

Oníṣẹ́ Díìṣì Ọ̀tà

Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ kò ba ohunkóhun jẹ́. Ẹ lọ síbi súwíìṣì tí wáyà díìṣì méjèèjì ti pàdé kí wọ́n tó di ọ̀kan. Ihò rẹ̀ ní nọ́ńbà, 1, 2, 3, 4. Lójú ibi ètò dìkóódà, wọ́n ń pè wọ́n ní A, B, C, D. N'Íbàdàn, ó ní ihò tí díìṣì kọ̀ọ̀kan wà, dìkóódà sì ní láti mọ̀ ọ́n, nítorí pé òun ló ń pàṣẹ fún súwíìṣì náà pé kó ṣí ọ̀nà fún èyí tàbí ìyẹn. Ó dà bíi pé wọ́n ti pààrọ̀ ara wọn lókè òrùlé lónìí. Díìṣì ńlá tiyín ń lo LNB tí wọ́n ń pè ní C-band, tí nọ́ńbà ìgbì rẹ̀ jẹ́ 5150, ti kékeré sì ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní Universal, tí nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ 9750 àti 10600. Bí ọ̀kan bá jókòó sí ipò èkejì, kò sí ìkànnì kan tí yóò ṣí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi dákẹ́.

Ẹ má gun òkè. Ẹ ṣí ibi ètò tuner, kí ẹ fi 68.5 sí A, kí ẹ yan C-band fún un, kí ẹ sì fi 28.2 sí B, kí ẹ yan Universal. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ jáde. Bó bá jẹ́ pé òdìkejì rẹ̀ lẹ bá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí mo sọ nìyẹn.

Ẹ sì sọ fún un pé ẹ fọwọ́ kàn án. Oníṣẹ́ tó bá dé tó bá ètò tí kò mọ̀, ó lè lo odidi ìrọ̀lẹ́ lórí àṣìṣe tí kò sí.

Ọmọ Aláṣọ Òfì

Ó ṣí! Òdìkejì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Nínú àwọn ìkànnì náà, bíi ìdajì ló ṣiṣẹ́, àwọn yòókù ni ará Ọ̀tà ti sọ pé wọ́n á ti ṣí kúrò.

Nígbà tí oníṣẹ́ padà dé, mo jókòó tì í, mo sì ka gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ti ṣe é. Ó kọ́kọ́ fajú ro. Mo ní, ìwọ ọmọ mi, iṣẹ́ rẹ kò burú lójú mi, ohun tí mo fẹ́ ni kí a ka owó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Díìṣì àti wáyà, ₦32,000, n kò yọ kọ́bọ̀, mo ti rí ojú ibi tó gun. Ti 12V, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde nínú àpò rẹ̀ pẹ̀lú fíúùsì, irú èyí tí Ọmọ Wáyà ṣàpèjúwe gan-an. Ó so ó mọ́ bátìrì lójú mi, ó fi mítà wọ̀n ọ́n, 13.8V ń wọlé, 12V ń jáde. Mo ní ₦15,000 yẹn tọ́ sí i, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé mo rò pé wáyà lásán ni. Hard disk, ó gbà á sí ₦3,000 níwọ̀n ìgbà tí a ti kó ohun tó ṣe kókó jáde. Ti ìkànnì, mo ní kó má da ẹ̀dà tirẹ̀ sínú rẹ̀, àwọn tó ti kú ni kó yọ, kó wá àwọn tuntun sí i, kó sì fi gbogbo rẹ̀ sórí fúláàṣì tèmi bó bá parí. Ó ronú díẹ̀, ó ní ₦6,000. Ó bẹ̀ mí pé kí n má fún oníṣẹ́ mìíràn, mo sì gbà fún un tọkàntọkàn, nítorí ohun tí ará Ọ̀tà sọ nípa ilé mẹ́fà yẹn ti wọ̀ mí lára.

Àpapọ̀ jẹ́ ₦56,000. Mo san ₦26,000 tó kù, ó kọ ìwé fún mi, ó sì kọ nọ́ńbà ihò súwíìṣì kọ̀ọ̀kan sórí pépà kan tí a lẹ̀ mọ́ abẹ́ dìkóódà.

Oníṣẹ́ Díìṣì Ọ̀tà

Inú mi dùn. Bàbá, kí òjò tó dé, ẹ ní kó wo àwọn ẹnu wáyà tó wà lókè òrùlé, kó fi téèpù rọ́bà wé wọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí omi lè máa ṣàn kọjá lórí ìwéǹwé náà dípò kó wọ abẹ́ rẹ̀. Ojú ibẹ̀ ni ẹyọ wáyà bàbà ti máa ń dípẹtà. Bí sígínà díìṣì ńlá bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta LNB tuntun fún yín.